Hóró Dúdú Tí Ń Fọ Omi Ẹ̀gẹ́: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìmọ́tótó àti Sùúrù

  

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí lè yà yín lẹ́nu díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ lórí ìgbéyàwó, kì í sì í ṣe lórí ìdánwò àtiwọ ilé ìwé gíga. Ẹ̀kọ́ lórí omi tí ń rùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí, nítorí pé ó kan ilé tí ẹ ti jáde wá, ó kan odò tí ẹ ti ń pọnmi, ó sì kan àlàáfíà tó wà láàárín àwọn ìyá wa.

1. OMI TÍ Ń DÁ ÌJÀ SÍLẸ̀

Kò sí ẹni tó dàgbà ní Ìdó, Ùsì, Ìfàkì, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìkọ̀lé tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ kí wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á sì fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi ara rẹ̀ lè ro dànù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sẹ́ ẹ, tí wọ́n á yan án. Gàrí ń lọ sọ́jà. Èèpo ń lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́. Omi ńkọ́? Omi náà ń ṣàn lọ síbi tí ilẹ̀ bá ti rẹlẹ̀.

Omi yìí kì í ṣe omi lásán. Sítáàṣì àti ṣúgà wà nínú rẹ̀, ó sì kan. Ohun kan tún wà nínú ẹ̀gẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linamarin. Bí ẹ̀rọ bá ti lọ ẹ̀gẹ́, linamarin á fọ́, á sì tú májèlé cyanide sílẹ̀. Díẹ̀ nínú májèlé yìí ń bá afẹ́fẹ́ lọ nígbà tí a bá ń yan gàrí, ṣùgbọ́n púpọ̀ ń bá omi tí a fún dànù lọ. Ìdí nìyí tí ewúrẹ́ tó bá mu omi náà fi lè kú, tí koríko kì í sì í hù mọ́ níbi tí ó ti ń ṣàn lójoojúmọ́. Bí ó bá dé odò, àwọn kòkòrò àìfojúrí á bo sítáàṣì àti ṣúgà inú rẹ̀, wọ́n á máa jẹ ẹ́, wọ́n á sì máa lo ọ́síjìn tó wà nínú omi odò náà títí tí kò fi ní kù fún ẹja.

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo ayé. Ohun tí à ń kó jáde lóko lọ́dún ju mílíọ̀nù 50 tọ́ọ̀nù lọ. Ẹ wá wo bí omi náà yóò ti pọ̀ tó.

Ìlú kan wà ní agbègbè wa tí a kò ní dárúkọ. Apá òkè ìlú ni ibi tí wọ́n ti ń fún gàrí wà, apá ìsàlẹ̀ sì ni odò wà. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí odò bá ti fà, omi tí àwọn ará ìsàlẹ̀ fẹ́ fi ṣe àlùwàlá a máa rùn débi pé ẹlòmíràn á da á nù. Àwọn ìyá méjì tí wọ́n ti jọ ń ná ọjà láti kékeré kò kí ara wọn mọ́ nítorí omi yìí. Àwọn kan nínú àwa ọ̀dọ́ sọ pé kí á lọ ti ibi ẹ̀rọ náà pa. Ṣùgbọ́n àgbà kan bi wá léèrè pé, “Owó kí ni wọ́n fi rán yín nílé ìwé?” Gbogbo wa dákẹ́. Owó gàrí ni.

Ẹ̀sìn wa kọ́ wa ní ìmọ́tótó, ó sì kọ́ wa ní ẹ̀tọ́ aládùúgbò. Ẹ̀yin náà mọ èyí, a kò ní tún un sọ. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí ń bèèrè ni pé: ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí ìyá tó wà lókè lè gbà máa ṣe gàrí rẹ̀ lọ, kí ìyá tó wà nísàlẹ̀ sì rí omi mímọ́ pọn? Ọ̀nà wà. Ṣùgbọ́n ó gba ìmọ̀, ó sì gba sùúrù.

2. ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ TÍ OJÚ KÒ RÍ

Ní 1776, ọkùnrin ará Ítálì kan tí ń jẹ́ Alessandro Volta fi igi ro ẹrẹ̀ etí adágún omi Maggiore. Afẹ́fẹ́ hó jáde láti inú ẹrẹ̀ náà. Ó gbà á sínú ìgò, ó fi iná sí i, ó sì jó. Afẹ́fẹ́ yìí ni à ń pè ní methane lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣọdẹ akàn létí irà náà ti rí irú èéhó bẹ́ẹ̀ rí.

Kí ló ń pèsè rẹ̀? Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọn kò fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá ni. Níbi tí ọ́síjìn kò bá sí, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe pín sí ọ̀nà mẹ́rin:

(i) Ẹgbẹ́ kìíní ń gé sítáàṣì àti àwọn oúnjẹ ńláńlá mìíràn sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń sọ wọ́n di ṣúgà.

(ii) Ẹgbẹ́ kejì ń sọ ṣúgà náà di oríṣiríṣi ohun kíkan. Iṣẹ́ wọn yá gan-an. Àwọn ni wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tí a dì sápò kan láàárín ọjọ́ mélòó kan.

(iii) Ẹgbẹ́ kẹta ń sọ àwọn ohun kíkan náà di irú èyí tó wà nínú ọtí kíkan tí wọ́n ń pè ní fínígà, àti gáàsì hydrogen.

(iv) Ẹgbẹ́ kẹrin ń jẹ ohun kíkan tí ẹgbẹ́ kẹta ṣe àti hydrogen, wọ́n sì ń sọ wọ́n di methane. Nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá methane náà ló ń ti ara irú ohun kíkan tó wà nínú fínígà yìí wá.

Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ẹgbẹ́ kan bá yọ́ sílẹ̀ ni oúnjẹ ẹgbẹ́ tó tẹ̀lé e. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kẹta kò lè ṣiṣẹ́ bí hydrogen bá pọ̀ yí wọn ká. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ máa jẹ hydrogen náà kíákíá kí wọ́n tó lè rímú mí. Nítorí náà, kò tó pé kí ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú táńkì kan náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ súnmọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, bí ẹni pé ògiri kan ló wà láàárín ilé wọn.

3. ÌṢÒRO ŃLÁ: OMI Ń GBÉ WỌN LỌ

Ẹgbẹ́ kẹrin ni ó lọ́ra jù. Àwọn bakitéríà kan wà tí ìṣẹ́jú 20 tó fún láti di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ń ṣe methane, àwọn kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ Methanosaeta, tí ó máa ń gbà tó ọjọ́ 4 sí 9 kí wọ́n tó di ìlọ́po méjì.

Ẹ wá fojú inú wo táńkì kan tí omi ń wọlé, tí omi sì ń jáde. Bí omi kò bá lò ju wákàtí 8 lọ nínú rẹ̀, kòkòrò tí ń léfòó nínú omi náà yóò ti bá a jáde kí ó tó bímọ ẹyọ kan. Ẹni tí ń lọ kò bímọ, ẹni tó kù kò tó nǹkan. Láìpẹ́, táńkì á ṣófo. Omi á máa wọlé lẹ́gbin, á sì máa jáde lẹ́gbin.

Ọ̀nà àtijọ́ láti yanjú èyí ni kí á gbẹ́ kòtò ńlá, kí omi lè pẹ́ nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù kan. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ní ilẹ̀ tó láàárín ìlú? Ta ló ní sìmẹ́ǹtì tó? Ohun tí ayé ń wá ni táńkì kékeré tí omi á yára kọjá nínú rẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ kò sì ní bá omi lọ.

4. OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ ILẸ̀ HOLLAND

Ní 1969, James Young àti Perry McCarty ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde lórí táńkì tí wọ́n kó òkúta kún, kí kòkòrò lè dì mọ́ òkúta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gatze Lettinga ní Yunifásítì Wageningen, nílẹ̀ Netherlands tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Holland, ń gbìyànjú irú rẹ̀. Ó kíyè sí i pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà kì í ṣẹlẹ̀ lára òkúta, pé inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó jókòó sísàlẹ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ó wá ro ó pé: bí a bá kó òkúta kúrò ńkọ́?

Ó ṣe táńkì tí omi ń gba ìsàlẹ̀ wọ̀, tí ó ń gun òkè jẹ́jẹ́, tí ó sì ń tú jáde lókè. Lókè níbẹ̀ ni ó fi ohun kan sí bí ìdérí tó tẹ̀ dojú dé, tí ń gba gáàsì sí ọ̀nà kan, tí ń dá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ padà sísàlẹ̀, tí ó sì ń jẹ́ kí omi nìkan kọjá. Táńkì yìí ni wọ́n ń pè ní UASB.

Nígbà tí wọ́n ń dán an wò pẹ̀lú omi ẹ̀gbin ilé-iṣẹ́ ṣúgà CSM, ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ṣẹlẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó rọ̀ bí ẹrẹ̀ dì di hóró róbótó-róbótó. Kò sí ẹni tó mọ wọ́n, kò sí ẹni tó fi ọwọ́ yí wọn. Àwọn kòkòrò náà fúnra wọn ni wọ́n so pọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn hóró náà kò ju mìlímítà kan sí mẹ́ta lọ, bí hóró ọkà bàbà kékeré. Irú èyí tó wọ́pọ̀ dúdú, nítorí irin àti imí-ọjọ́ tó pàdé nínú rẹ̀.

Lettinga kò fi ìmọ̀ yìí pamọ́ fún ara rẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lè lò ó, ó sì ń polongo rẹ̀ káàkiri. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Tyler ní 2007, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn omi Lee Kuan Yew ti Singapore ní 2009. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ fi èyí sọ́kàn: ìmọ̀ tí a bá pín kì í dín kù.

5. BÍ HÓRÓ KAN ṢE Ń DÌ

Ẹ rántí bí a ti ń fọ ìrẹsì Ìgbẹ́mọ kí ó tó dé orí iná. A ó da omi sí i, a ó máa mì í. Ìrẹsì á gbéra, òkúta á jókòó sísàlẹ̀, a ó sì máa da ìrẹsì bọ́ sínú igbá mìíràn díẹ̀díẹ̀. Ohun tó fúyẹ́ ń lọ, ohun tó wúwo ń dúró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni omi tí ń gòkè nínú táńkì ń ṣe. Ó ń ṣa àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Nínú táńkì UASB, omi sábà máa ń gòkè ní ìdajì mítà sí mítà 1 ní wákàtí kan. Hóró tó dì dáadáa a máa rì ní nǹkan bí mítà 20 sí 80 ní wákàtí kan. Ẹ rí i pé omi kò lè gbé e. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó bá dá wà, tí ó ń léfòó, omi á gbé e lọ láìdúró. Nítorí náà, ẹni tó bá dì mọ́ ẹlòmíràn ló ń kù nínú ilé, tí ó ń jẹun, tí ó sì ń bímọ. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ilé á kún fún àwọn tó mọ bí a ti ń dì mọ́ ara wọn nìkan.

Kí ni wọ́n fi ń dì? Àkọ́kọ́, wọ́n nílò ohun tí wọn yóò ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀: eérún kékeré kan, tàbí àkójọ kòkòrò tó ti wà tẹ́lẹ̀. Èkejì, Methanosaeta gùn bí okùn. Ní 1987, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Wiegant fi wọ́n wé sùpàgẹ́tì. Okùn wọ̀nyí ń lọ́ mọ́ra wọn bí òwú, àwọn tó kù á sì há sáàárín wọn. Ẹ̀kẹta, àwọn kòkòrò náà ń sun ohun kan jáde lára wọn tó ń fà bí ilá. Òun ni lẹ́ẹ̀ tó so gbogbo wọn pọ̀. Ẹ̀kẹrin, èròjà bíi calcium tó wà nínú omi a máa ran ìdìpọ̀ náà lọ́wọ́, bí kò bá ti pọ̀ jù.

Bí a bá la irú hóró kan tí ń jẹ ṣúgà sí méjì, tí a sì wò ó nínú ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, a ó rí i pé ó ní ìpele. Àwọn onímọ̀ kan ní Kánádà ṣàpèjúwe èyí ní 1990. Níta ni àwọn tí ń sọ ṣúgà di kíkan wà. Láàárín ni àwọn tí ń yọ hydrogen jáde àti àwọn tí ń jẹ ẹ́ wà, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Ní inú lọ́hùn-ún ni okùn Methanosaeta pọ̀ sí jù. Kì í ṣe gbogbo hóró ló rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń jẹ oúnjẹ tó rọrùn lè rí bákan náà láti ẹ̀yìn dé inú. Ṣùgbọ́n nínú èyí tó ní ìpele, àwọn tó wà níta ló kọ́kọ́ ń pàdé ìyà, wọ́n sì ń dáàbò bo àwọn tó wà nínú. Hydrogen tí aládùúgbò kan bá yọ, aládùúgbò kejì ti jẹ ẹ́ kí ó tó di wàhálà. Ohun tó dára nínú ibùgbé ni èyí, láàárín kòkòrò àti láàárín ènìyàn.

Bí táńkì kò bá ní hóró láti ìbẹ̀rẹ̀, ó lè gbà tó oṣù méjì sí mẹ́jọ kí wọ́n tó dì dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dì, wọ́n lágbára. Ilé-iṣẹ́ tí ń fi gbòǹgbò beet ṣe ṣúgà kì í ṣiṣẹ́ ju oṣù mélòó kan lọ lọ́dún. Àwọn hóró inú táńkì wọn á wà láìjẹun títí ìkórè ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àní, wọ́n ń ta hóró bí ẹni ń ta irúgbìn, láti fi bẹ̀rẹ̀ táńkì tuntun níbòmíràn.

6. OHUN TÍ Ń BA HÓRÓ JẸ́, ÀTI ÀṢÌṢE TIWA

Ohun àkọ́kọ́ ni ìwàǹwara. Bí a bá da omi ẹ̀gẹ́ púpọ̀ sí táńkì lẹ́ẹ̀kan, ẹgbẹ́ kejì tí iṣẹ́ wọn yá á sọ ọ́ di kíkan kíákíá, ẹgbẹ́ kẹrin tó lọ́ra kò sì ní lè jẹ ẹ́ tán. Bí kíkan náà bá ti pọ̀, ẹgbẹ́ kẹrin á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, kíkan á sì tún pọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ ń fi pH wọn èyí. Ẹgbẹ́ kẹrin fẹ́ kí pH wà ní nǹkan bí 7. Omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan sì máa ń wà ní nǹkan bí 4.

Èkejì ni ọ̀rá àti epo, tí ń bo ara hóró tí ó sì ń jẹ́ kí ó léfòó. Ẹ̀kẹta ni sítáàṣì tí a kò yọ kúrò, èyí tí ń jẹ́ kí àwọn kòkòrò tó rí bí òwú hù sára hóró, tí wọ́n á sì sọ ọ́ di fúyẹ́. Ẹ̀kẹrin ni májèlé. Kòkòrò tí ń ṣe methane lè kọ́ láti fara da cyanide díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi kọ́ wọn.

A ní láti jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ìlú tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àgbà yẹn, owó jáde, wọ́n sì gbẹ́ táńkì kan síbi ẹ̀rọ náà. Àwa ọ̀dọ́ ló ru búlọ́ọ̀kù. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, a ya fọ́tò. Ní ọjọ́ kejì, a da gbogbo omi ọ̀sẹ̀ náà sínú rẹ̀ pátá. Fún ọjọ́ díẹ̀, ó hó. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bíi fínígà. Gáàsì kò jáde. Oṣù kan kò pé tí a fi sọ pé ẹ̀tàn ni. Lónìí, ìdọ̀tí ni wọ́n ń dà sínú táńkì náà, àwọn ìyá méjèèjì kò sì tíì kí ara wọn.

A kò fi irúgbìn sí i. A kò dín kíkan rẹ̀ kù. A kò fún un ní àkókò. Kòkòrò kọ́ ló jẹ̀bi. Àwa ni.

7. NÍ ACCRA ÀTI NÍ ÌBÀDÀN

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní ìlú Accra, nílẹ̀ Gánà, wọ́n parí ibi ìfọ-omi-ẹ̀gbin tó ní táńkì UASB nítòsí adágún Korle ní 2000. Láàárín ọdún mélòó kan, àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́, ó sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kíkọ́ táńkì kò le tó títọ́jú rẹ̀.

Nílé wa níhìn-ín, Joseph Adelegan, onímọ̀ ẹ̀rọ, ló ṣíwájú ètò kan fún ibi ìpẹran Bódìjà ní Ìbàdàn, láti sọ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù di gáàsì ìdáná. Ètò náà gba ẹ̀bùn SEED ní 2005. Yunifásítì King Mongkut ti Thonburi nílẹ̀ Thailand ni wọ́n bá ṣiṣẹ́ pọ̀. Irú táńkì tí wọ́n yàn kì í ṣe ti hóró. Wọ́n fún àwọn kòkòrò ní ohun tí wọn yóò dì mọ́ nínú táńkì ni. Ọ̀nà méjèèjì ń lépa ohun kan náà: kí omi lọ, kí òṣìṣẹ́ dúró.

Kí ló dé tí ó jẹ́ Thailand? Nítorí pé àwọn náà ń gbin ẹ̀gẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sítáàṣì ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ ló ń fi omi ẹ̀gbin wọn ṣe gáàsì, tí wọ́n sì ń fi gáàsì náà gbẹ sítáàṣì. Ẹ̀gẹ́ kan náà ni, omi kan náà ni. Ohun tó ń rùn lọ́dọ̀ wa ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

8. ELÓ NI A Ń DÀ NÙ?

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò díẹ̀. Ká sọ pé ibi ẹ̀rọ kan ń fún 1,000 lítà omi jáde lóòjọ́, àti pé ìdọ̀tí inú lítà kọ̀ọ̀kan yóò gba gíráàmù 20 ọ́síjìn kí ó tó tán. Ìyẹn jẹ́ kílò 20 lóòjọ́. Bí táńkì bá mú ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún kúrò, kílò 16 nìyẹn. Kílò kọ̀ọ̀kan ń fúnni ní nǹkan bí 350 lítà methane. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5,600 lítà. Ooru tó wà nínú 1,000 lítà methane kò jìnnà sí ti lítà kẹrosíìnì kan. Nítorí náà, ó dà bí ẹni ń da lítà kẹrosíìnì márùn-ún àti ààbọ̀ sínú odò lóòjọ́, nígbà tí àwọn ìyá wa ń ra igi ìdáná láti fi yan gàrí.

9. KÍ NI ÀWA LÈ ṢE?

A kò ní tan yín. Hóró dúdú tí a sọ yìí kì í dì nínú kòtò lásán. Ó nílò táńkì tí a fi ìmọ̀ kọ́, tí omi ń gòkè nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n òfin tó mú hóró dì wúlò nínú táńkì kékeré pẹ̀lú:

(a) Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi náà silẹ̀ nínú agbada ńlá. Sítáàṣì á jókòó sísàlẹ̀. Ẹ kó o, ẹ sá a, ẹ tà á. Owó ni.

(b) Ẹ fi irúgbìn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ògì rẹ̀ tètè kan a máa bu omíkan àná sí i. Ìgbẹ́ màlúù tútù láti ibi ìpẹran ti ní àwọn kòkòrò tí ń ṣe methane nínú, ó sì ní àwọn èròjà tí omi ẹ̀gẹ́ kò ní.

(d) Ẹ bu omi ẹ̀gẹ́ díẹ̀díẹ̀ sí i. Bí gáàsì bá ń jáde, ẹ fi kún un. Bí ó bá ń kan, ẹ dá a dúró fún ọjọ́ mélòó kan.

(e) Ẹ máa fi pépà pH wò ó. Bí ó bá sún lọ sísàlẹ̀ 6.5, ẹ fi eérú omi tàbí ẹfun ìkọ́lé díẹ̀ sí i. Omi tó ti fọ̀ tán tí a dá padà sínú táńkì náà a máa ràn án lọ́wọ́.

(ẹ) Ẹ má kó gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dànù nítorí pé ó dúdú. Òun ni òṣìṣẹ́ yín.

Ooru ilẹ̀ wa pẹ̀lú jẹ́ ìkẹ́ fún wa. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí fẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 30 sí 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní ilẹ̀ òtútù, owó ni wọ́n fi ń mú táńkì gbóná. Oòrùn Èkìtì ti bá wa ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

ÌKÌLỌ̀ PÀTÀKÌ: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú irú táńkì bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣófo. Gáàsì inú rẹ̀ lè pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì máa ń pa ẹni tó bá wọlé láti yọ ẹni àkọ́kọ́. Ẹ má ṣáná nítòsí rẹ̀. Ẹ bo ó dáadáa nítorí àwọn ọmọdé. Ẹ má sì gbẹ́ ẹ sítòsí kànga.

10. ÌPARÍ

Àwọn ará wa tí ń kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ síbi ẹ̀rọ gàrí pẹ̀lú pépà pH. Ẹ̀yin arábìnrin wa tí ìyá yín ń yan gàrí, ẹ̀yin lẹ lè bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n á gbọ́. Kí ẹnikẹ́ni má lọ bá àwọn ìyá wa bí ẹni tó fẹ́ fi ẹjọ́ wọn sùn. Kí á lọ bá wọn bí ọmọ tó fẹ́ ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní tiwa, a ti pinnu láti padà sí táńkì tí a bàjẹ́ yẹn. A ó kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ láti òkè pẹ̀lú àdàbà onígi gígùn, láìsí ẹni tí yóò wọ inú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìgbẹ́ màlúù ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, korobá kan ni a ó máa bù sí i lóòjọ́, a kò sì ní ya fọ́tò títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé. Kí Ọlọ́hun fún wa ní sùúrù, kí ó sì mú àwọn ìyá méjèèjì padà kí ara wọn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ni ìdí tí kòkòrò tó dá wà kì í fi pẹ́ nínú táńkì tí omi ń yára kọjá nínú rẹ̀?
2. Ẹ dárúkọ ohun mẹ́ta tó ń mú hóró dì àti ohun mẹ́ta tó ń bà á jẹ́.
3. Kí ló fà á tí ẹgbẹ́ kẹta kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá ní aládùúgbò?
4. Níbi ẹ̀rọ gàrí tó súnmọ́ ilé yín jù, níbo ni omi ń ṣàn sí, ta ló sì ń pọnmi nísàlẹ̀ ibẹ̀?

Ẹ kọ ìdáhùn ìbéèrè kẹrin sílẹ̀, kí ẹ sì mú un wá sí ìpàdé.